Ọ̀gágun Kò Jagun Rí

Mánṣẹ́sítà, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 2024

Ìyá mi Àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìmúra ààwẹ̀. Ṣé eékún yín ti ń gbọ́ràn díẹ̀? Dádì náà ní kí n kí yín láti Ìbàdàn. Wọ́n ní àwọn pe fóònù yín títí, ẹ kò gbé e.

Iṣẹ́ wa lórí fíìmù Òkè Ìdákẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ rántí Dáfídì, òyìnbó tó fẹ́ jókòó sórí odó yín tí ẹ pariwo mọ́? Òun ni ọ̀gá mi. Ó ní nínú gbogbo àwọn tí a gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bíi tiyín. Àwọn èèyàn ibí kò gbọ́ nípa àwọn Ajùmọ̀jẹ rí. Wọn kò mọ̀ pé ìjọ kan wà lórí òkè nítòsí Ogbooro nígbà kan, tí Bàbá Jẹ́ẹ́dé jẹ́ olórí wọn, tí wọ́n jọ ń roko, tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Wọn kò mọ̀ pé ìjọ náà ní àwọn ò san owó orí mọ́, àwọn ò sì jẹ́ kí ìjọba ka àwọn, ni ìjọba bá fi ọlọ́pàá yí wọn ká títí ìbọn fi dún, tí ọ̀pọ̀ sì kú. Nígbà tí mo sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ìyá mi àgbà wà lórí òkè yẹn, pé ẹ̀yìn wọn ni wọ́n pọn Dádì mi sí lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Mo ti fi apá kan ránṣẹ́ sí fóònù Mojeed tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, kí ó fi hàn yín. Ẹ ó rí ara yín!

Ohun kan ni ọ̀gá mi ń béèrè. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gágun, àbúrò ọkọ yín tí ẹ sọ pé wọ́n kú lórí òkè, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ǹjẹ́ ẹ ní fọ́tò wọn nínú aṣọ ogun? Tàbí èyí tí wọ́n mú ìbọn dání?

Ọmọ ọmọ yín,
Sọ̀fíyàt


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta

Sọ̀fíyàt ọmọ Jímọ̀,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mojeed kà á fún mi, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un kà fúnra mi, torí Mojeed máa ń fo ibi tó bá gùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èsì yìí. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí wọ́n tó ní kí n wá máa gbọ́mọ, ṣùgbọ́n ìwé kẹta ayé ìgbà yẹn, kí àwọn tó jáde ní yunifásítì lónìí sinmi ariwo. Mojeed ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò tí yóò fi ránṣẹ́. Mojeed, tí o bá ń kà á bí o ti ń yà á, mo dúró lẹ́yìn rẹ, mo ń wò ọ́.

O kí mi, mo jẹ́ ẹ. O béèrè eékún, o ò béèrè ìbàdí. Ìbàdí ló ń dùn mí báyìí. Ìpara tó ń ta ara yẹn ni kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe ti ọjọ́sí tó ń rùn bí àdídùn ọmọdé. Ewúrẹ́ ló lá a.

Mo ti wo fíìmù yín. Inú mi kò dùn sí i. Ẹ gé ibi tí mo ti kí gbogbo èèyàn kúrò. Mo kí òyìnbó, mo kí àwọn tó máa wò ó, mo kí àwọn òkú, mo kí ẹni tó gbé iná dání, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Wọn á kàn rí arúgbó kan tó la ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wùyà, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ewúrẹ́ wá ń kọjá lẹ́yìn mi, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lé e. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n rò pé ilé ẹran ni mò ń gbé?

Ìyẹn kékeré. Mo ní kí Mojeed túmọ̀ ohun tí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ nínú fíìmù náà ń wí, èyí tí a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí a ò rí orí rẹ̀. Mojeed ní, "Ó ní Ọ̀gágun àwọn Ajùmọ̀jẹ ló ń kó àwọn ọmọ ogun jáde."

Mo ní, "Ta ni?"

Ó ní, "Ọ̀gágun."

"Ọ̀gágun wo?"

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ dárúkọ ẹ̀ o."

Ààwẹ̀ ni mo gbà, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ọ̀gágun! Ọ̀gágun tí kì í gba ibi tí adìẹ bá ti ń sàba kọjá! Ẹ̀yìn ilé ni yóò yí gbà, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé wọn ní ìyàwó, tí wọ́n ń bomi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá adìẹ kan fò lulẹ̀ láti orí àjà. Àbúrò ọkọ mi yìí, géńdé ọkùnrin, ó lọgun, ó sì sá wọ abẹ́ ìborùn ìyàwó. Mo ní, "Ta ni Ọ̀gágun yìí?" Gbogbo agbo wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Bí mo ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ìyàwó tó bá wọlé ọkọ kì í pe ọmọ tó bá nílé ní orúkọ tí wọ́n bí i, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó, yóò fún un lórúkọ tirẹ̀. Ìwọ ìbá mọ̀ bí kì í bá ṣe pé òtútù ni wọ́n fi wò ọ́ dàgbà.

Mojeed kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ó kù o." Ó fi ọlọ́pàá àtijọ́ kan hàn mí, tó ti fẹ̀yìntì, tó jókòó sínú àga ńlá pẹ̀lú ikùn rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ń sọ pé, "Ṣé ẹ gbọ́? Ìyá arúgbó wọn fúnra rẹ̀ ló sọ pé wọ́n ní Ọ̀gágun. Ẹni tó ní Ọ̀gágun, ó ní ọmọ ogun. Ká ní a ò yìnbọn ni, àwọn ni wọn ì bá yìn ín lù wá."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọkọ́ àti àdá là ń lò lórí òkè yẹn, oko iṣu la sì fi ń dá. Ẹnu tèmi, Àwáwù, ni ọkùnrin yẹn wá yá tó fi ń jẹ́rìí lé òkú wa lórí.

Yọ ọ́ kúrò. Kò sí fọ́tò. Ẹ̀wù kan tó ní, ó ti gbó lápá.

Èmi ni,
Àwáwù, ìyàwó ilé yín


Mánṣẹ́sítà
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta

Ìyá mi Àgbà,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ kú ìbàdí pẹ̀lú. Ìpara ti wà lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ dárí jì mí. Ojú tì mí. Mo lọ bá Dáfídì, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un, ojú ti òun náà. Ó ní òun ṣe tán láti yọ ọ̀rọ̀ ọmọ ogun kúrò, kí òun sì fi àlàyé yín sí iwájú ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ rí orúkọ tí wọ́n bí wọn. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń béèrè pé ta ni ẹni náà gan-an, pé ṣé ó tilẹ̀ wà láyé rí. Ní ìparí fíìmù náà, orúkọ gbogbo àwọn tó kú lórí òkè yóò máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní sí orin, kò ní sí ọ̀rọ̀. Gbogbo ẹbí yòókù ti mú orúkọ tiwọn wá. Tiwa nìkan ló kù. Tí a kò bá rí i, "Ọ̀gágun" ni wọn yóò kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ọlọ́pàá yẹn ti borí.

Mo pe Dádì. Mo ní, "Dádì, kí ni orúkọ Bàbá Ọ̀gágun?"

Wọ́n ní, "Ṣebí Bàbá Ọ̀gágun náà ni."

Mo ní, "Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Sọ̀fíyàt, Bàbá Ọ̀gágun ni mo gbọ́ o."

Mo bi àwọn ará ilé yòókù tí mo ní nọ́ńbà wọn. Èsì kan náà ni. Ìyá Àgbà, orúkọ tí ẹ fi bá wọn ṣe àwàdà ni gbogbo ilé mọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ kò lè pè é lẹ́nu. Ẹ kàn kọ ọ́ sínú ìwé kí Mojeed yà á ránṣẹ́. Kíkọ kì í ṣe pípè. Orúkọ kan péré, Ìyá Àgbà.

Sọ̀fíyàt yín


Ìsẹ́yìn
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta

Sọ̀fíyàt,

Mo ti jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá kí n tó fèsì, kí inú tó ń bí mi má baà ba ààwẹ̀ mi jẹ́. Ó ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀, mo ti mu ògì.

Kíkọ kì í ṣe pípè? Ta ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí? Tí mo bá pè é lẹ́nu, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, bóyá ẹni tó gbọ́ á gbàgbé. Tí mo bá kọ ọ́, Mojeed á yà á, yóò dé Mánṣẹ́sítà, òyìnbó á sọ pé Àwáwù ló sọ ọ́. Ó wá burú ju pípè lọ.

Mo fẹ́ kí o mọ irú ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, kò sí alààyè kan tó gbọ́ orúkọ ọmọ ilé tí mo bá níbẹ̀ lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n wá ṣe káàdì ìdìbò, ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní, "Màmá, àpèlé orúkọ yín ńkọ́?" Àpèlé orúkọ mi, orúkọ bàbá ọkọ mi nìyẹn. Mo wo òrùlé. Ó tún bi mí. Mo ní kí ó bi ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní òun kò mọ̀ mí rí. Àwọn tó tò lẹ́yìn wa ń kùn. Mo dúró sójú kan títí tí wọ́n fi lọ ké sí Mojeed nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó wá fi ẹnu tirẹ̀ pè é. Ìjọba kò rí i gbà lẹ́nu mi, ìwọ lo wá fẹ́ fi ìpara gbà á.

Àwọn ìyàwó ìwòyí, "bébì" ni wọ́n ń pe ọkọ wọn. Ayọ̀délé tí wọ́n bí níṣojú mi nílé yín, ìyàwó rẹ̀ ń pè é lórúkọ láti ilé ìdáná dé ojúde, "Ayọ̀délé, wá gbé omi!" Mo bi í pé ṣé ajá ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló kù nínú ìyàwó ilé yẹn tó ṣì mọ ohun tó ń ṣe, n kò sì ní fi ọjọ́ ogbó mi bà á jẹ́ nítorí fíìmù.

Ẹni kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè la ẹnu pè é láìṣẹ̀. Ìyá Ìjìó ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Òun àti Ọ̀gágun jọ mu ọmú kan náà ni. Ṣùgbọ́n má ṣe tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. N kò bá a sọ̀rọ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ àkọ́bí Ayọ̀délé, níwájú gbogbo obìnrin ilé, ó bu ọkà tí mo rò sẹ́nu, ó dúró, ó yí ẹnu síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní iyanrìn wà nínú ẹ̀lùbọ́ mi. Èmi! Tí mo ta ẹ̀lùbọ́ ní Ìsẹ́yìn títí irun mi fi funfun! Ọmọ Ayọ̀délé yẹn ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì báyìí. N kò tíì jí i kí láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, wá ọ̀nà mìíràn.

Àwáwù


Mánṣẹ́sítà
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin

Ìyá Àgbà,

Ẹ kú ààwẹ̀.

Nítorí iyanrìn, Ìyá Àgbà? Ọmọ tó ń lọ sẹ́kọ́ńdírì! Mo ka ibẹ̀ fún Dádì lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má sọ fún yín pé àwọn rẹ́rìn-ín.

Dádì ní Màmá Fàtímọ̀, ìyẹn Ìyá Ìjìó yín, ṣì wà láyé, pé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin, Samsudeen, ni wọ́n ń gbé. Mo ń pe nọ́ńbà Samsudeen láti àná, kò wọlé. Dádì wà lórí ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, wọn kò lè wakọ̀. Dáfídì ní fíìmù náà yóò kúrò lọ́wọ́ wa láàárín oṣù yìí. Tó bá ti kúrò, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ dárí jì mí kí n tó sọ èyí, kí n má baà jẹ̀bi jù. Ìjọba da àwọn èèyàn yẹn sínú kòtò kan láìkọ orúkọ ẹnì kankan sí i. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ sì sunkún. Ní báyìí, ibì kan ti wà tí a lè kọ orúkọ wọn sí, ẹ wá ń tọ́jú ìjà ẹ̀lùbọ́. Ó dà bíi pé iyì yín ṣe pàtàkì lójú yín ju Bàbá Ọ̀gágun lọ.

Sọ̀fíyàt


Mánṣẹ́sítà
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin

Ìyá mi Àgbà,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Ẹ kò fèsì. Ọdún dé, ẹ kò pe ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ kù díẹ̀ káàtó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo yí gbirigbiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí.

Mojeed ní ẹ ti ti ilẹ̀kùn yín pa, pé ẹ gbé ewúrẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ òun, ẹ ní kí òun má bi yín ní ìbéèrè kankan. Ó ní ewúrẹ́ náà ti jẹ wáyà fóònù oníbàárà rẹ̀. Dádì ń bínú sí mi. Wọ́n ní, "Kí lo kọ sí ìyá mi?" N kò lè kà á fún wọn.

Dáfídì ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ìparí. Èmi kò béèrè orúkọ mọ́. Ẹ kàn sọ ibi tí ẹ wà fún mi.

Sọ̀fíyàt yín


Ìjìó
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹrin

Sọ̀fíyàt ọmọ mi,

Mo wà ní Ìjìó. Mo wà láàyè. Fi ọkàn Jímọ̀ balẹ̀, kí o sì sọ fún un pé mo ti gbọ́ pé ó rẹ́rìn-ín.

Ìwé rẹ dùn mí dé ọ̀rá inú eegun. Mo kà á lálẹ́, mo kà á láàárọ̀, mo ní ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ ọdún, gbogbo èèyàn ń jẹ ẹran, tèmi kò lọ. Mo mú ẹ̀lùbọ́, mo kù ú, mo tún un kù, mo fi asẹ́ aṣọ tún un kù títí apá fi ń ro mí. Mo dì í sínú àpò, mo wọ bọ́ọ̀sì.

N kò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà fún ọ. Láti Òkèhò ni ìbàdí mi ti ń bá mi jà. Bọ́ọ̀sì wa kú lẹ́yìn Ìgànná, ni mo bá gun ọ̀kadà. Ọmọkùnrin tó wà á ní, "Màmá, ẹ dì mí mú." Mo ní n kì í di ọkùnrin tí n kò mọ̀ mú. Kòtò àkọ́kọ́ tí a bọ́ sí, mo mọ̀ ọ́n.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Ìyá Ìjìó. Mo ti to èébú sí apá kan, mo to ẹ̀bẹ̀ sí apá kejì. Mo dé, mo bá a lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ti kéré. Ọrùn rẹ̀ ti di bí ti adìẹ. Mo kúnlẹ̀, eékún mi ké.

"Ẹ kúulé, ìyá mi."

Ó wò mí títí. "Ta nìyí?"

"Àwáwù ni, ìyàwó yín."

"Àwáwù wo?"

Sọ̀fíyàt, inú mi bàjẹ́. Ẹni tí mo ti ń bá jà láti ọdún gbọọrọ, ó ti gbàgbé pé à ń jà! Èmi nìkan ni mo ń dá a jà. Samsudeen ní, "Màmá, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi èmi náà pé ta ni mí." Mo tú àpò ẹ̀lùbọ́ síwájú rẹ̀, kí ó má baà jọ pé ọwọ́ òfo ni mo mú wá. Ó fi ìka bù ú, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ là gbàà.

"Háà! Àwáwù oníyanrìn!"

Ó gbàgbé ọmọ tó bí, ó rántí iyanrìn. Mo gbé e mì. Mo ní, "Èmi náà ni, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ àbúrò yín, Ọ̀gágun, ni mo wá gbà. Ẹ pè é kí Samsudeen gbọ́."

Ó ní, "Ọ̀gágun."

"Orúkọ tí ìyá yín pè é."

"Ọ̀gágun ni ìyá mi ń pè é."

Kò parọ́. Nígbà tó yá, ìyá wọn pàápàá kò pè é ní ohun mìíràn mọ́. Mo ní kí ó tún wò ó. Ó pajú dé. Mo rí i tó ń wá a, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Ó wá ní, "Àwáwù, n ò rí i. Àbúrò mi ni, n ò rí i." Ó bú sẹ́kún.

Gbogbo ẹni tó lè pè é ti kú tàbí wọ́n ti gbàgbé. Ó ku èmi, èmi ni ẹni tí kò gbọdọ̀ pè é. Tí mo bá kú láàárọ̀ ọ̀la, orúkọ náà bá mi lọ.

Mo jókòó ti Ìyá Ìjìó, mo sọ bó ṣe rí fún un, ohun tí n kò sọ níwájú kámẹ́rà yín. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, Ọ̀gágun já bàbá rẹ gbà lẹ́yìn mi, ó pọ̀n ọ́n, ó fà mí lọ́wọ́, a gba inú koríko ẹ̀yìn àpáta sọ̀ kalẹ̀. Ó ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn débi pé mò ń gbọ́ ọ. Nígbà tí a dé odò, ó gbé ọmọ fún mi. Ó ní Ìyá Ìgbòho kò ríran, pé kò sẹ́ni tó máa fà á lọ́wọ́. Arúgbó kan ni, tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa, kì í ṣe ẹbí wa. Mo ní, "Ọ̀gágun, ẹ má lọ." Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o, ìyàwó wa." Ó sì ń lọ. Ó ń gbọ̀n, ó ń lọ. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rí òun àti Ìyá Ìgbòho mọ́.

Ìyá Ìjìó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ ni ilé. Ẹ fún mi láàyè kí n pè é lẹ́ẹ̀kan."

Ó nu ojú. Orí rẹ̀ pé pérépéré nígbà yẹn, bí ẹni tó ti ń dúró dè mí. Ó ní, "Ìyàwó tó bá fẹ́ pe ọmọ ilé lórúkọ, yóò san ìtanràn."

"Kí ni kí n san?"

"Sọ pé iyanrìn wà nínú ẹ̀lùbọ́ yẹn."

Samsudeen wọ inú ilé lọ kí n má baà rí i tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo òrùlé. Mo wo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí mi láyé. Mo ní, "Iyanrìn wà níbẹ̀."

Ó ní, "N ò gbọ́."

"Iyanrìn wà níbẹ̀!"

Sọ̀fíyàt, kò sí iyanrìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Ó yá, pè é." Mo la ẹnu, kò jáde. Ó dà bíi pé mo fẹ́ bọ́ aṣọ níta. Mo tún là á. Mo pè é. Ìyá Ìjìó gbé orí sókè, ó kígbe, ó pe orúkọ náà lẹ́yìn mi bí ẹni tó rí i tó ń bọ̀ láti oko. Ó ń pè é, mò ń dá a lóhùn, títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Àwọn ará àdúgbò yọjú, wọ́n ní ta ló dé.

Samsudeen ní òun yóò gbé fóònù gun ọ̀kadà lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, kí ìwé yìí lè dé ọ̀dọ̀ rẹ kí fíìmù náà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, kọ ọ́ dáadáa, lẹ́tà gàdàgbà, kí ó pẹ́ lójú wọn, kí ọlọ́pàá oníkùn yẹn sì rí i kà láti inú àga rẹ̀. Àpèlé rẹ̀ ni èyí tí ìwọ náà ń jẹ́ lẹ́yìn orúkọ tìrẹ, o mọ̀ ọ́n, n kò gba àyè ti bàbá ọkọ mi. Orúkọ tí wọ́n bí òun gan-an nìyí:

Mákánjúọlá.

Mo ti kọ ọ́. Láti ọ̀la lọ, Ọ̀gágun ni màá tún máa pè é. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilé, ẹ máa pè é lórúkọ rẹ̀.

Èmi ni,
Àwáwù, ìyàwó yín